Ẹni tó fẹ́ fọn: ṣé ẹnu ni kó mú ni àbí ẹsẹ̀?

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìdáhùn ẹ̀, torí mi ò fẹ́ràn àwọn tó máa ń fi ìdáhùn pamọ́ sí ìsàlẹ̀ pátá. Tó bá jẹ́ pé kí sikéèlì wálẹ̀ lẹ ń wá, oúnjẹ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn, ó ju ẹsásáìsì lọ fíìfíì. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé kí ẹ̀jẹ̀ má ga, kí ṣúgà ara wà níwọ̀n, kí kílò tẹ́ ẹ ti sọnù má padà wá bá yín tó bá di oṣù December, ẹsásáìsì ò ṣé é yọ sílẹ̀ rárá. Ibi tọ́rọ̀ ti ń dojú rú ni pé àwọn èèyàn wa máa ń gbé iṣẹ́ ẹnu fún ẹsẹ̀ ṣe, tẹ́sẹ̀ ò bá wá rí i ṣe wọ́n á ní ti ìdílé àwọn ni, ẹlòmíì á tiẹ̀ ní wọ́n ń fi nǹkan ṣe òun ni.

Ẹ bọ́ síta láàárọ̀ Sátidé ní Ìkòròdú níbí kẹ́ ẹ wò ó, láti Sábó títí wọ ọ̀nà Ìgbógbó, àwọn bọ̀dá àti àǹtí á ti wọ kánfáàsì, táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn, wọ́n á máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọlọ́kadà á máa há wọn mọ́ etí gọ́tà, mo ń kan sáárá sí wọn torí kò rọrùn. Àmọ́ tó bá fi máa di aago mẹ́wàá wọ́n ti wà nídìí alákàrà, wọ́n ní àwọn ti jó o dànù láàárọ̀ kò sí wàhálà, tó bá dọ̀sán wọ́n ti wọ aṣọ ẹbí dé òde, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín, ẹran díndín, mínírà tútù méjì. Ọjọ́ Mọ́ńdè wọ́n gun sikéèlì, kò kúrò lójú kan, inú bí wọn.

Bó ṣe jẹ́ gan-an nìyí. Kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára tó wà nínú oúnjẹ, òun náà ni wọ́n fi ń wọn èyí tí ara ń ná. Ara wa dà bí alájọ, ohun tó bá ṣẹ́ kù lálẹ́ tá ò ná ló máa ń gbà pamọ́, ọ̀rá ló sì fi ń tọ́jú ẹ̀. Gíráàmù òróró kan, kálórì 9 ló wà nínú ẹ̀, gíráàmù ṣúgà kan 4, ti ọtí 7. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kí kílò ọ̀rá kan ṣoṣo kúrò lára yín, ẹ gbọ́dọ̀ ná bíi 7,700 kálórì ju èyí tẹ́ ẹ jẹ lọ. Kì í ṣe lọ́jọ́ kan o, àpapọ̀ ẹ̀ ni.

Ẹni tó bá wọn kílò 80, tó wá fi ìṣẹ́jú 30 rìn kánmọ́kánmọ́, bíi 150 kálórì ló máa ná. Tó bá sáré kìlómítà 5, ìyẹn á tó 400. Mínírà 50cl kan ń kọ́? Bíi 200. Ṣíbí òróró kan, ṣíbí tá a fi ń jẹun o, kì í ṣe ti tíì, 120 ti wọlé, ẹ̀yin náà dẹ̀ mọ iye ṣíbí tó ń wọ inú ata díndín kí epo tó léfòó sókè bí ìyá ọkọ ṣe fẹ́ ẹ.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti gàrí. Ọ̀sán gangan, oòrùn mú, èèyàn da gàrí Ìjẹ̀bú sínú abọ́, gíráàmù 100 péré, 350 kálórì nìyẹn, ó wá da ẹ̀pà sí i, gíráàmù 50 ẹ̀pà lásán ti sún mọ́ 300, ṣúgà kóró mẹ́ta, omi tútù, ó mu ún tán ó nu ẹnu. Ó ti lé ní 650, ó ju eré kìlómítà 5 yẹn lọ dáadáa, tẹ́ ẹ bá wá bi í pé ṣó ti jẹun, á ní rárá o, òun kàn fi gàrí panu ni, òun ń dúró de oúnjẹ alẹ́.

Àwọn kan á ní àwọn ò jẹ ẹ̀bà mọ́, wíìtì làwọn ń jẹ báyìí. Ó dáa. Àmọ́ gàrí o, sẹmó o, wíìtì o, èlùbọ́ o, gíráàmù 100 èyíkéyìí nínú wọn kí wọ́n tó rò ó, kò jìnnà sí 350 kálórì. Wíìtì tí wọ́n lọ teèpo-teèpo lè tètè yó èèyàn díẹ̀, ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ wá rò ó gàgàrà. Bí òkèlè ṣe pọ̀ tó lọ̀rọ̀, àti epo orí ọbẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ tiwa gan-an, ewùrà ò burú, omi pọ̀ nínú ẹ̀, epo pupa tó ń wọ inú ìkòkò ni kẹ́ ẹ ṣọ́.

Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e nìyí, ìbéèrè gidi dẹ̀ ni: "Èmi tí mò ń tajà ní Sábó, tí mò ń gbé ẹrù, tí mò ń dìde tí mò ń bẹ̀rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kí ló dé tí mo ṣì sanra?" Ẹ̀yin màmá wa, ẹ ò jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ yín ya àwọn onímọ̀ náà lẹ́nu.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé nínú gbogbo kálórì tí èèyàn ń ná lójúmọ́, bíi 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lọ sórí pé kẹ́ ẹ ṣáà wà láàyè, ọkàn tó ń lù, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ọpọlọ, èémí, kí ara sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bẹ́ ẹ tiẹ̀ sùn látàárọ̀ dalẹ́, ẹ máa ná an. Bíi 10 tún ń lọ sórí dída oúnjẹ nínú. Èyí tó kù ni ti ìrìn, iṣẹ́ ilé, ẹrù gbígbé, jímù, ijó òde, gbogbo ẹ̀ pátá. Ìpín tó wà níkàáwọ́ ẹsẹ̀ ò pọ̀ tó bá a ṣe rò. Ẹnu ẹ̀wẹ̀, kò sí kálórì kan tó ń wọlé tí kì í gba ibẹ̀ kọjá.

Wọ́n dẹ̀ ti yẹ ẹ́ wò nílẹ̀ Yorùbá níbí. Amy Luke àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Loyola, lápá Chicago, gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2009, wọ́n mú àwọn obìnrin ìgbèríko wa lápá Ìgbò-Ọrà, wọ́n fi wọ́n wé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún wọn ní omi àkànṣe kan mu, wọ́n wá ń yẹ ìtọ̀ wọn wò, omi yẹn ló máa ń sọ iye agbára tí ara ná gan-an láìjẹ́ pé wọ́n bi ẹnikẹ́ni léèrè, torí ẹnu èèyàn máa ń bù mọ́ ọn. Ẹni tí wọ́n bá bi nínú wa á ní àwọn tó ń lọ sóko tó ń pọnmi ló máa ná jù. Nígbà tí wọ́n wá ro ìtóbi ara mọ́ ọn, kò síyàtọ̀ nínú agbára tí wọ́n ń ná sórí ìrìn àti iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn ti Amẹ́ríkà sanra jù wọ́n lọ gan. Iye tí ẹnì kan ń ná ò sì tọ́ka sí ẹni tó máa sanra sí i láwọn ọdún tó tẹ̀ lé e.

Irú ẹ̀ náà ni Herman Pontzer àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ rí lọ́dọ̀ àwọn Hadza ní Tàǹsáníà, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2012. Ọdẹ làwọn Hadza, wọ́n ń rìn káàkiri igbó lójoojúmọ́, wọ́n ń wú iṣu inú igbó, wọ́n ń gun igi oyin, síbẹ̀ àpapọ̀ agbára tí wọ́n ń ná ò ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù tó ń jókòó sọ́fíìsì lọ, tí wọ́n bá ti ro ìtóbi ara mọ́ ọn.

Ohun tó jọ pé ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé tí ara bá rí i pé ẹ ń ná púpọ̀ síbì kan, ó máa ń ṣẹ́wọ́ kù níbòmíì. Ara fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é, kì í béèrè lọ́wọ́ yín. Èyí tá à ń fọwọ́ ara wa ṣe tún wà níbẹ̀, ẹni tó sáré láàárọ̀ á nà gbalaja sórí àga lọ́sàn-án, ohun tí ò bá dìde lọ mú fúnra ẹ̀ á rán ọmọ, ebi á tún máa pa á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á wá ní òun ti ṣiṣẹ́ lónìí, mọ́ọ̀tì kan ò lè pa òun. Mọ́ọ̀tì kan ò lè pa yín lóòótọ́. Àmọ́ ìrìn ìdajì wákàtí yẹn ti bá a lọ.

Ẹ wá fi méjèèjì wéra. Ẹni tó ń rìn ìṣẹ́jú 30 lójoojúmọ́ tí ò yí nǹkankan padà lẹ́nu, bíi àádọ́ta ọjọ́ ló máa gbà á kó tó sọ kílò ọ̀rá kan nù, ìyẹn tébi ò bá tàn án jẹ. Ẹni tó yọ 500 kálórì kúrò nínú oúnjẹ ẹ̀ lójúmọ́, ìyẹn mínírà kan, ṣíbí òróró méjì àti òkèlè bíi mélòó kan, nǹkan bí ọjọ́ 15 ló máa gba òun. Kì í lọ tààrà báyẹn títí o, torí bí ara ṣe ń kéré sí i ló ń ná díẹ̀ sí i, oṣù kẹta máa lọ́ra ju oṣù kìíní lọ, ẹ má rò pé nǹkan ti bà jẹ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní gan-an ló máa ń tan èèyàn jù. Ara máa ń tọ́jú ṣúgà díẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gíráàmù kọ̀ọ̀kan ẹ̀ ń di bíi gíráàmù mẹ́ta omi mọ́ra, tẹ́ ẹ bá dín oúnjẹ kù lójijì ṣúgà yẹn á lọ, omi ẹ̀ á tẹ̀ lé e, ẹ á rí i pé kílò méjì tàbí mẹ́ta ti lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ á máa jó. Omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tó ń ta "fọn ní ọjọ́ méje" mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ni wọ́n fi ń jẹun.

Òógùn náà kì í ṣe ọ̀rá, ẹ jọ̀ọ́. Kẹ́ ẹ fi náílọ̀nù we ikùn, kẹ́ ẹ wọ súẹ́tà sáré lóòrùn ọ̀sán, omi lẹ ń sọnù, ẹ mumi tán ó ti padà, tó bá burú òòyì á gbé yín ṣubú. Ibi tí ọ̀rá ń gbà jáde gan-an, imú ni. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Ruben Meerman àti Andrew Brown, ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 2014: tí kílò 10 ọ̀rá bá kúrò lára èèyàn, kílò 8.4 nínú ẹ̀ ń di afẹ́fẹ́ carbon dioxide tá à ń mí síta, 1.6 tó kù ń di omi. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ wá máa mí hẹlẹhẹlẹ o, ìyẹn ò ní mú un yá. Ẹ ò dẹ̀ lè yan ibi tó ti máa kọ́kọ́ kúrò fún un. Sit-up ń mú iṣan ikùn le, ọ̀rá tó bò ó ṣì jókòó síbẹ̀ títí gbogbo ara á fi dín.

Ní ti àwọn tíì tó ń mú ikùn wálẹ̀, mi ò fẹ́ pẹ́ lórí ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn, ewé senna ló wà níbẹ̀, ewé ìyàgbẹ́ ni. Ìgbẹ́ àti omi ló ń lọ, kálórì ti wọlé tipẹ́ kó tó délẹ̀. Omi gbígbóná àti ọsàn wẹ́wẹ́ láàárọ̀, kò sí ọ̀rá tó ń yọ́, àmọ́ tó bá rọ́pò tíì oníṣúgà mẹ́rin àti mílíìkì, á jẹ́ pé ó ṣe nǹkankan.

Ẹ ti ń gbọ́ nípa abẹ́rẹ́ táwọn olówó ń gún báyìí, semaglutide. Ìwádìí ńlá tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2021 fi hàn pé àwọn tó gún un sọ bíi 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn nù láàárín ọ̀sẹ̀ 68. Ẹ wo ohun tó ń ṣe: kì í mú èèyàn sáré, ebi ló ń pa run, oúnjẹ díẹ̀ ló máa ń yó ẹni tó gún un. Ẹnu ló dì. Dókítà ló ń kọ ọ́ fún èèyàn o, kì í ṣe ẹni tẹ́ ẹ bá pàdé lórí WhatsApp.

Ṣé ká wá pa ẹsásáìsì tì ni? Ká má rí i. Ohun tí mò ń sọ ni pé sikéèlì kọ́ la fi ń wọn iṣẹ́ ẹ̀. Ẹni tó ń rìn déédéé, ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ máa ń wálẹ̀ díẹ̀, ṣúgà máa ń rọrùn fún ara ẹ̀ láti lò, oorun ẹ̀ máa ń dáa, inú ẹ̀ máa ń dùn, ọ̀rá búburú tó máa ń yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká nínú ikùn máa ń dín, kódà tí kílò ò bá yí padà. Tẹ́ ẹ bá tún ń dín oúnjẹ kù láì gbé nǹkan wúwo rárá, kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló ń lọ, iṣan náà ń lọ, ìdí nìyẹn táwọn kan fi máa ń fọn tán tí ojú wọn á wá rí jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́, táwọn ará àdúgbò á máa bi wọ́n pé ṣé kò sí o. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ìṣẹ́jú 150 sí 300 ìrìn kíákíá lọ́sẹ̀ kan ló yẹ àgbàlagbà, kó sì fi ọjọ́ méjì ó kéré tán ṣe èyí tó ń mú iṣan le. Kẹ́ẹ̀gì omi tó kún ní ọwọ́ méjèèjì, gbé e sókè gbé e sílẹ̀, iṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe dandan kó jẹ́ jímù.

Ibi tẹ́sẹ̀ ti ń gba ipò ẹ̀ padà ni lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fọn tán. Ní Amẹ́ríkà, láti 1994, wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tó sọ ó kéré tán bíi kílò 13 nù tí wọn ò jẹ́ kó padà fún ọdún kan ó kéré jù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bíi 98 ló yí oúnjẹ wọn padà láti fọn. Bíi 90 ló ń ṣe ẹsásáìsì, nǹkan bíi wákàtí kan lójúmọ́, ìrìn ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ ṣiṣẹ́ ní Áílàǹdì ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Wákàtí kan wo? Aago mẹ́rin àárọ̀ ó ti dìde, bó bá wọ BRT súnkẹrẹ fàkẹrẹ ń dúró dè é ní Mile 12, bó bá gba ọkọ̀ ojú omi ní Ẹbúté Ìpakodò òun náà nítò tiẹ̀, aago mẹ́wàá alẹ́ ló ń wọlé. Tiyín gan-an ló dùn mọ́ mi láti sọ, torí ẹni tí ò ráyè fún ẹsẹ̀ ṣì ń jẹun lójoojúmọ́, ẹnu ò gba àfikún àsìkò kankan. Wọ́n máa ń dẹ́rù bà yín pé oúnjẹ aago mẹ́wàá alẹ́ ló ń sanni lára. Aago ò níṣẹ́ púpọ̀ tó ń ṣe níbẹ̀, àpapọ̀ ohun tẹ́ ẹ jẹ láti àárọ̀ ló ń kà. Ohun tó ń ṣe yín ní jàǹbá ni pé ebi ti pa yín kọjá ààlà kẹ́ ẹ tó délé, tí ẹ̀bà á wá di ńlá, àti pé oorun yín ò tó, ẹni tí oorun ẹ̀ ò tó ebi máa ń pa á jù lọ́jọ́ kejì, nǹkan dídùn ló dẹ̀ máa ń wù ú.

Àti ìpanu inú gósílò. Ẹ ka ohun táwọn ọmọ ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ tà: súsẹ́ẹ̀jì, ìpékeré, bísíkíìtì, mínírà tútù. Lọ́dún 2019 onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Kevin Hall ní Amẹ́ríkà kó èèyàn 20 sójú kan láti fi ṣèwádìí, ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n ń jẹ oúnjẹ ilé iṣẹ́ inú pálí àti náílọ̀nù, ọ̀sẹ̀ méjì oúnjẹ tí wọ́n sè, wọ́n ní kí wọ́n jẹ débi tó bá wù wọ́n. Lásìkò ti inú pálí, wọ́n ń jẹ bíi 500 kálórì lé lójúmọ́ láìmọ̀, wọ́n fi bíi kílò kan sanra. Tẹ́ ẹ bá kó ẹyin sísè méjì tàbí mọ́ínmọ́ín àti omi sínú báàgì kẹ́ ẹ tó kúrò ní Gáréèjì, ẹ ti dín nǹkan kù ju ohun tí eré Sátidé lè dín lọ. Nílé, ẹ fi ẹ̀fọ́ àti ẹja gba ààyè nínú abọ́, ẹ̀wà náà dáa, kí òkèlè dín, kẹ́ ẹ fi ṣíbí wọn òróró dípò kẹ́ ẹ dà á láti inú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ má febi para yín, ẹni tó ń febi para ẹ̀ kì í pẹ́ níbẹ̀.

Ẹni tó ń lo oògùn ṣúgà tàbí tó ń gún insulin, ẹ sọ fún dókítà kẹ́ ẹ tó dín oúnjẹ kù, kí ṣúgà má baà já wálẹ̀ lójijì. Aláboyún àti ìyá ọlọ́mọ ọwọ́, ẹ fi èyí sílẹ̀ ná. Ẹni tó sanra lójijì tàbí tó ń fọn láì ṣe nǹkankan, kì í ṣe dáyẹ́ẹ̀tì ló kàn, àyẹ̀wò ni, torí gẹ̀gẹ̀ inú ọ̀fun, ṣúgà, ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti oògùn míì lè wà nídìí ẹ̀.

Ẹ má gun sikéèlì lójoojúmọ́, iyọ̀ tẹ́ ẹ jẹ lánàá àti nǹkan oṣù obìnrin lè gbé kílò kan sí méjì lé e. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀, lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́, kẹ́ ẹ tó fẹnu kan nǹkankan. Ẹ ra téépù aránṣọ, ẹ wọn ikùn lọ́gangan ìdodo láì fà á sínú, ìdíwọ̀n ẹ̀ kó má tó ìdajì gíga yín. Tí téépù bá ń dín, tí sikéèlì ò kúrò lójú kan, ẹ má yí nǹkankan padà.